Dídán Kọ́ Ni A Ń Rà, Irin Ni: Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyan Síǹkì Ilé Ìdáná

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń dúró níwájú rẹ̀ ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ṣùgbọ́n tí a kì í ronú nípa rẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Síǹkì ilé ìdáná ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹ̀kọ́ kékeré ni. Owó tí a fi ń ra síǹkì kì í ṣe owó iyọ̀. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí ó ṣe wá ni a fẹ́ sọ, kí ó má baà ṣe ẹlòmíràn.

ÌDÍ TÍ A FI MÚ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ WÁ

Nígbà tí a fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí a sì parí ilé wa sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun níhìn-ín, ohun tí ó kọ́kọ́ wù wá ni kí á dẹ́kun fífọ abọ́ lórí ìjókòó. Láti kékeré ni a ti ń jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, bàsíà kan fún ọṣẹ, bàsíà kejì fún omi tí a fi ń ṣàn án. Nígbà tí a pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, orúnkún kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí a bá fọ abọ́ tán, à ń wá ẹni tí yóò fà wá dìde.

A mú nínú owó ìfẹ̀yìntì wa, a wọ ọkọ̀, a dé Òṣogbo. Nínú ṣọ́ọ̀bù kan, a rí síǹkì oníkòtò méjì tí ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí a rí ojú ara wa nínú rẹ̀. Iye rẹ̀ kò tó ìdajì iye èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A bi ẹni tí ń tà á léèrè bóyá kò ní dípẹtà. Ó ní, "Stainless ni, Màmá. Kò lè dípẹtà láéláé." Inú wa dùn, a sanwó, a kò tilẹ̀ gba rìsíìtì.

Ọdún kò tíì yí po tí àmì pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yí ihò tí omi ń gbà jáde ká. A fi kànrìnkàn onírin ha á. Ó lọ, ó tún padà, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí ó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, pákó rẹ̀ wú, aáyán sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Púlọ́ḿbà tí ó wá tú u jẹ́ ọmọ tí a kọ́ ní ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó da ojú síǹkì náà dé, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì wọnú bí ìdí agolo mílíìkì. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Dídán lẹ rà, ẹ ò ra irin."

A ra síǹkì mìíràn. Owó tí a fi rà á ni owó tí a ti yà sọ́tọ̀ láti fi tún páànù òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Ní gbogbo òjò ọdún náà, abọ́ ni a ń gbé kiri inú pálọ̀ láti fi gba omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a san owó síǹkì kan. Ìdí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá nìyẹn.

1. KÍ NI IRIN TÍ A Ń PÈ NÍ STAINLESS?

Àwa ará agbègbè Òṣogbo kì í ṣe àlejò irin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ tí ń rọ irin sílẹ̀ ní Òṣogbo, irú èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì àti ní Katsina pẹ̀lú. Ọ̀pá irin tí a fi ń kọ́lé ni wọ́n ń rọ níbẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́lé rí ni ó mọ ìwà irin yìí: bí a bá fi sílẹ̀ nínú òjò fún ọjọ́ mélòó kan, yóò pọ́n. Omi àti afẹ́fẹ́ ni ó para pọ̀ mú un dípẹtà. Ìpẹtà yìí kan náà ni Bíbélì wa ń pè ní ìpáàrà.

Ní ọdún 1913, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Harry Brearley ń wá irin tí yóò pẹ́ lára ìbọn. Ó po èròjà kan tí a ń pè ní krómíọ̀mù mọ́ irin, ó sì ṣàkíyèsí pé irin náà kò dípẹtà bí irin yòókù. Àwọn ẹlòmíràn ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà náà ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà. Sheffield jẹ́ ìlú àwọn tí ń rọ ọ̀bẹ, nítorí náà kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin tuntun yìí ṣe ọ̀bẹ ìjẹun. Lẹ́yìn náà ni ó kan ṣíbí, ìkòkò àti síǹkì.

A kì í pe irin ní stainless àfi bí krómíọ̀mù inú rẹ̀ bá tó 10.5 nínú 100, ó kéré tán. Krómíọ̀mù yìí àti afẹ́fẹ́ ni ó jọ ń ṣe awọ tín-ín-rín kan tí ojú kò lè rí, tí ó bo irin náà mọ́lẹ̀. Bí a bá ha irin náà, awọ yìí a tún ara rẹ̀ ṣe, gẹ́gẹ́ bí egbò kékeré ti ń jiná fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti yàtọ̀ sí abọ́ táńganran àwọn ìyá wa. Bí táńganran bá ti ṣá níbì kan, ibẹ̀ ni ìpẹtà yóò gbà wọlé, kì í sì í jiná.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi etí sí èyí dáadáa: kì í ṣe gbogbo stainless ni agbára awọ rẹ̀ dọ́gba. Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ ní ilé ìdáná, kò sì sí ọbẹ̀ tí a ń sè láìfi iyọ̀ sí i. Ẹni tí ó sọ fún wa pé síǹkì náà jẹ́ stainless kò purọ́. Àwa ni a kò béèrè irú èyí tí ó jẹ́.

2. NỌ́ŃBÀ TÍ A GBỌ́DỌ̀ MỌ̀

Ẹ mú ṣíbí tàbí ìkòkò kan nínú ilé yín, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Lára àwọn tí ó dára, ẹ ó rí 18/8 tàbí 18/10. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n krómíọ̀mù nínú 100, èkejì ni ìwọ̀n èròjà mìíràn tí ń jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì, èyí tí ó ń mú kí irin ṣeé tẹ̀ láìsán, tí ó sì ń ràn án lọ́wọ́ láti dojú kọ ìpẹtà. Bí a bá fi irú irin yìí ṣe síǹkì, 304 ni a ń kọ sí i. Òun ni kí á máa wá.

Èyí tí a ń pè ní 316 tún lágbára ju 304 lọ níwájú iyọ̀. Ó wúlò fún àwọn tí ń gbé létí òkun, owó rẹ̀ sì wọ́n. Àwa tí a wà ní Ìfọ́n, ní Ìlobù àti ní Òṣogbo kò nílò láti náwó dé ibẹ̀.

Èyí tí a ń pè ní 430 kò ní níkẹ́ẹ̀lì nínú. Òun ni ẹ ó rí tí a kọ 18/0 sí lẹ́yìn ṣíbí. Fún ṣíbí tí a ń fọ̀ tí a sì ń nù gbẹ, kò burú. Fún síǹkì tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kò tó.

Èyí tí ó ń tan ènìyàn jù ni 201. Nítorí pé níkẹ́ẹ̀lì wọ́n, àwọn tí ń ṣe irin yìí dín in kù, wọ́n sì fi èròjà mìíràn tí ń jẹ́ mangánísì dípò rẹ̀. Bí a bá wò ó lójú, òun àti 304 jọ ara wọn bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ìpẹtà tètè ń mú un, pàápàá níbi tí iyọ̀ bá wà.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí á mú òòfà dání lọ sọ́jà. Ìmọ̀ràn náà dára, ṣùgbọ́n kò pé. Òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ 430 gbági. Kì í lẹ̀ mọ́ 304, àfi ní kọ̀rọ̀ ibi tí ẹ̀rọ ti tẹ irin náà, níbi tí ó lè fà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ 201 náà! Nítorí náà, òòfà lè mú olè kan, kò lè mú èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè tẹ 304 sórí bébà kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ síǹkì. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ yẹ ara síǹkì náà wò fúnra wa.

3. OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ YANJÚ NÍLÉ KÍ Á TÓ LỌ SỌ́JÀ

(a) Omi. Báwo ni omi yóò ṣe dé inú síǹkì náà? Ọ̀pọ̀ nínú wa, kànga tàbí ẹ̀rọ omi ilé ni a gbójú lé. Bí kò bá sí tánkì lókè tí omi yóò ti máa sọ̀ wá, síǹkì tí ó dára jù yóò di ibi tí a ń kó ìkòkò sí. Ibo ni omi ìdọ̀tí yóò sì gbà lọ? Kì í ṣe ẹ̀yìn fèrèsé aládùúgbò.

(b) Okùn. Ẹ mú ìkòkò tí ó tóbi jù nínú èyí tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ fi okùn wọn fífẹ̀ rẹ̀, ẹ gé okùn náà, ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ síǹkì olówó kékeré kò jìn ju íǹṣì 5 tàbí 6 lọ, bí a bá sì gbé ìkòkò àmàlà sínú rẹ̀, omi yóò máa ta sí wa láyà. Íǹṣì 8 tàbí 9 ni ó dára.

(d) Kòtò kan tàbí méjì? Níbi tí omi bá ti wọ́n, kòtò méjì dára, nítorí a lè dí ihò méjèèjì, kí á fọ abọ́ nínú ọ̀kan kí á sì ṣàn án nínú èkejì. Ṣùgbọ́n bí kòtò méjèèjì bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí okùn yín kò lè gba inú ọ̀kan nínú wọn kọjá, kòtò ńlá kan sàn jù.

(e) Gíga. Bí a bá dúró tí a sì ká ọwọ́ ní ìgunpá, ó yẹ kí ẹnu síǹkì rẹlẹ̀ ju ìgunpá lọ díẹ̀. Nǹkan bí íǹṣì 36 ni a máa ń gbé pẹpẹ ìdáná sí, ṣùgbọ́n a kò ga dọ́gba. Ẹni tí yóò máa lo síǹkì ni kí wọ́n wọ̀n, kì í ṣe bíríkìlà.

(ẹ) Ẹ ra síǹkì kí bíríkìlà tó da kankéré pẹpẹ. Síǹkì kì í gbọ́ bẹ̀bẹ̀ bí ihò bá ti kéré jù.

4. ÌDÁNWÒ MÁRÙN-ÚN NÍNÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ

Bí a ti ń ṣe fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ jẹ́ kí á fún síǹkì ní ìdánwò kí ó tó yege.

Ìdánwò kìn-ín-ní: nínípọn. Géèjì ni àwọn ọlọ́jà fi ń wọn nínípọn irin, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí nọ́ńbà géèjì bá ti ń kéré sí i ni irin ń nípọn sí i. Géèjì 16 nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 1.5, géèjì 18 tó nǹkan bí 1.2, géèjì 22 kò ju nǹkan bí 0.8 lọ. Géèjì 18 tó fún ilé wa. Ẹ má ṣe wo etí síǹkì láti mọ nínípọn rẹ̀, nítorí wọ́n ti ká etí náà po. Ihò ẹ̀rọ omi ni kí ẹ wò, níbi tí wọ́n ti gé irin náà láìká a.

Ìdánwò kejì: àtàǹpàkò. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí kòtò náà gidigidi. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ irin di kòtò, irin náà máa ń fẹ̀, ó sì ń fẹ́lẹ́ sí i ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá wọnú tí ó sì dún bí agolo, ẹ fi sílẹ̀.

Ìdánwò kẹta: ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Síǹkì tí ó dára máa ń ní rọ́bà tí a lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, tàbí ọ̀dà tí ó nípọn, kí ariwo omi lè rọlẹ̀, kí òógùn omi tútù má sì máa kán sórí pákó. Ẹ fi ìka kàn án: èyí tí ó dára yóò dún kì, èyí tí kò dára yóò dún gbangan-gbangan. Bí wọ́n bá jó kòtò náà mọ́ ara pẹpẹ rẹ̀, ẹ fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti jó o. Bí ó bá rí gbágungbàgun tàbí tí ẹ rí ihò abẹ́rẹ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni omi yóò gbà jò. Ibẹ̀ gan-an ni tiwa gbà jò.

Ìdánwò kẹrin: omi. Ẹ ra omi inú ọ̀rá kan, ẹ da ìdajì rẹ̀ sínú kòtò náà níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó yẹ kí omi náà ṣàn lọ sí ihò láìdúró. Ibi tí omi bá dúró sí ni iyọ̀ yóò dúró sí, ibẹ̀ náà ni ìpẹtà yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò karùn-ún: ojú rẹ̀. Èyí tí ó ń dán bí dígí ni ó ń fa ojú mọ́ra jù, òun náà ni ìhá máa ń hàn lára rẹ̀ jù. Èyí tí ojú rẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ dán ni ó ń pẹ́ lójú. Bí dídán bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ẹni tí ń tà á lè sọ nípa ọjà rẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò sí ohun mìíràn níbẹ̀.

5. ÌBÉÈRÈ TÍ Ó YẸ, ÀTI RÌSÍÌTÌ

"Ṣé kò ní dípẹtà?" kì í ṣe ìbéèrè, nítorí ìdáhùn rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí a tó bi í. Kí á béèrè báyìí: "Nọ́ńbà irin rẹ̀ ńkọ́? Géèjì mélòó ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ méjèèjì sínú rìsíìtì mi." Nígbà tí a lọ ra síǹkì kejì, a béèrè bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta. Nínú ọ̀kan, ẹni tí ń tà á rẹ́rìn-ín. Nínú èkejì, ó ní kí á má da òun láàmú. Nínú ẹ̀kẹta, ó mú bírò, ó kọ ọ́. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ti rà á, síǹkì náà ni a sì ń lò títí di òní.

Ìjọba kò fi wá sílẹ̀ láìní olùrànlọ́wọ́. Àjọ SON ni ó ń mójú tó ìwọ̀n àti ìpéye ọjà ní Nàìjíríà, láti ọdún 2005 ni ó sì ti ń béèrè ìwé ẹ̀rí SONCAP lórí ọ̀pọ̀ ọjà tí ń ti òkè òkun wá. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, fún wa ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó pójú òṣùwọ̀n, àti láti dá èyí tí ó ní àbùkù padà. Àjọ FCCPC ni a lè gbé ẹjọ́ irú rẹ̀ lọ bá. Ṣùgbọ́n kí ni a ó fi hàn wọ́n bí a kò bá ní rìsíìtì? Ẹ má ṣe tijú láti béèrè rẹ̀.

6. ÌTỌ́JÚ

Síǹkì tí ó dára pàápàá lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ẹ má ṣe fi kànrìnkàn onírin fọ̀ ọ́. Ẹ̀rún irin tí ó bá bọ́ lára rẹ̀ ni yóò dípẹtà mọ́ síǹkì. Àwa náà fi ọwọ́ ara wa dá kún ìbàjẹ́ tiwa lọ́nà yìí. Kànrìnkàn rírọ̀ àti ọṣẹ ni kí á lò, kí á sì máa tọ ìlà ara irin náà, kí á má fi dábùú rẹ̀.

Ẹ má ṣe rẹ aṣọ tàbí abọ́ sínú Jik tàbí omi iyọ̀ sínú síǹkì mọ́jú. Bí Jik bá ta sí i, ẹ tètè da omi lé e.

Ẹ má ṣe fi agolo tòmátò tàbí ìkòkò irin tí ó tutù sílẹ̀ sínú rẹ̀. Òrùka pupa tí ó bá fi sílẹ̀ jẹ́ ti agolo, kì í ṣe ti síǹkì. Ẹ tètè fọ̀ ọ́.

Ẹ má ṣe da epo àti ọ̀rá ọbẹ̀ sínú ihò, nítorí yóò dì sínú páìpù. Omi iṣu tí ó ń hó, ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù là á, nítorí páìpù oníke kì í fẹ́ omi gbígbóná bẹ́ẹ̀. Kí púlọ́ḿbà sì rí i pé ó fi páìpù tí ó tẹ̀ bí ìkọ́ sí ìdí síǹkì. Omi tí ó máa ń dúró nínú páìpù yẹn ni ó ń dí òórùn àti aáyán lọ́nà.

Ní alẹ́, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ sì nù ún gbẹ. Ìṣẹ́jú kan ni.

ÀKÓTÁN

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Nọ́ńbà, nínípọn, ẹ̀yìn àti ìṣàn omi ni ìwà síǹkì. Dídán rẹ̀ jẹ́ aṣọ lásán. Bí owó kò bá tíì tó láti ra èyí tí ó dára, ó sàn kí á dúró díẹ̀ sí i lórí àpótí wa, kí á máa tọ́jú owó, ju kí á san owó kan lẹ́ẹ̀mejì lọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó ń dáàbò bo irin stainless, báwo ni ó sì ṣe yàtọ̀ sí táńganran?
2. Kí nìdí tí òòfà nìkan kò fi tó láti mọ síǹkì tí ó dára?
3. Èwo ni ó nípọn jù nínú géèjì 16 àti géèjì 22?
4. Kí ni ohun méjì tí ó yẹ kí ẹni tí ń ta síǹkì kọ sínú rìsíìtì wa?
5. Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí olúkúlùkù yí ẹ̀yìn ṣíbí márùn-ún padà nílé, kí ó kọ nọ́ńbà tí ó bá rí sílẹ̀, kí ó sì mú un wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀.

Kí Olúwa bù kún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó má sì jẹ́ kí á ṣiṣẹ́ lásán. Àmín.